Bí Iṣẹ́ Oṣù Bá Bọ́, Ọwọ́ Kò Bọ́

 

Lónìí a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ohun kan tó ń dun ọ̀pọ̀ ilé ní Gbaffo àti ní gbogbo ilẹ̀ Ìdáàṣà. Ọmọ wa kan lọ sí Kútọnu, tàbí sí Parakou, tàbí sí Nàìjíríà. Ó rí iṣẹ́ oṣù. Ó ń fi owó ránṣẹ́ sílé. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ní kó máa lọ, iṣẹ́ ti tán. Ó di ẹrù rẹ̀, ó padà wálé. Kí ni yóò ṣe? Kí ni ìyàwó rẹ̀ yóò ṣe? Kí ni àwa ará ilé lè ṣe fún un?

Bóyá ẹ̀yin gan-an ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Bóyá ẹ̀gbọ́n yín ni, tàbí ọmọ yín. Ẹ fara balẹ̀ kà á dé òpin. Ohun tí a fẹ́ sọ kò ju ọ̀kan lọ. Iṣẹ́ oṣù lè bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó fi ń ṣiṣẹ́ kò bọ́. Ohun tí ọwọ́ náà mọ̀ ni ká fi bẹ̀rẹ̀. Ká bẹ̀rẹ̀ ní kékeré. Ká sì máa kọ owó rẹ̀ sílẹ̀.

Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan

Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn, ó máa ń rò pé orí òun ni kò dára. Nígbà mìíràn a lè ní ẹ̀bi níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tó fà á ju agbára ẹnì kan lọ. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ojú orílẹ̀-èdè wa ti rí.

Ní oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba Nàìjíríà ní kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé máa lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni wọ́n fún wọn. Àwọn tó kúrò lé ní mílíọ̀nù kan. Àwọn ará Gánà ló pọ̀ jù nínú wọn, ṣùgbọ́n àwọn ará Benin náà wà níbẹ̀. Ní ọdún 1985, wọ́n tún lé àwọn mìíràn. Ẹni tó ń ṣe bíríkìlà níbẹ̀ padà sílé. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú oko kòkó padà sílé. Àwọn kan kò mú nǹkan bọ̀ ju ẹrù orí wọn lọ.

Ní ilé tiwa náà, nǹkan kò rọrùn. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá ti ka ìwé dé òkè, ìjọba máa ń gbà á síṣẹ́. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, ìyẹn dópin. Àwọn báńkì ìjọba mẹ́ta ṣubú. Ẹni tó ní owó níbẹ̀ lọ gba owó rẹ̀, kò rí i gbà. Ní ọdún 1989, àwọn olùkọ́ àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń lo oṣù lórí oṣù láìgba owó. Wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 1990, wọ́n ṣe àpérò ńlá ti gbogbo orílẹ̀-èdè ní Kútọnu. Ní àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ìjọba, wọ́n sì ta àwọn mìíràn. Ìjọba fún àwọn òṣìṣẹ́ tó bá fúnra wọn fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní owó, kí wọ́n lè lọ dá iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀. Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 1994, owó sẹ́fà wa pàdánù ìdajì agbára rẹ̀ sí owó Faransé lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ẹ tún wo ọ̀nà reluwé tó gba Dassa kọjá láti Kútọnu lọ sí Parakou. Lónìí, reluwé kò gbé èrò mọ́ lójú ọ̀nà náà. Kì í ṣe àwọn òṣìṣẹ́ reluwé nìkan ló pàdánù. Àwọn ìyá tó ń gbé oúnjẹ lọ tà fún èrò ní ibùdókọ̀ náà pàdánù ọjà wọn.

A kò sọ gbogbo èyí kí ẹ lè káwọ́ lérí. Àwọn àgbà wa ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ wo ẹ̀yìn kí ẹ mọ ohun tó gbé yín ṣubú. Bí kì í bá ṣe ẹ̀yin lẹ fà á, ẹ má fi ọdún mẹ́ta bú ara yín. Ẹ dìde.

Ìtìjú ni ọ̀tá àkọ́kọ́

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àìní owó ni ìṣòro àkọ́kọ́ ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìtìjú ló ṣáájú.

Ẹni tó ń wọ bàtà dídán lọ síbi iṣẹ́, ó ṣòro fún un láti gbé ọkọ́ lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, bí wọ́n bá fún un ní owó díẹ̀ nígbà tó ń kúrò, ó lè ná an kí àwọn ará ilé má baà mọ̀ pé nǹkan ti yí padà. Ó ra ọtí fún àwọn tó wá kí i. Ó ra aṣọ. Ó ṣe ìnáwó òkú ju agbára rẹ̀ lọ. Tàbí ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ òwò ńlá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí wọ́n má baà sọ pé ó ti di ẹni kékeré. Kí ọdún tó yí po, owó ti tán. Ìtìjú tó ń sá fún wá padà di méjì.

Ẹ̀yin ará ilé, ọwọ́ yín náà wà nínú èyí. Bí ọmọ yín bá padà wálé, ẹ má bi í pé kí ló mú bọ̀. Ẹ bi í pé kí ló mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ fún un ní ilẹ̀ díẹ̀ tí yóò fi ọkọ́ kàn. Ẹ má fi í ṣe ẹlẹ́yà bó bá bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Ẹ tọ́jú ara àti ọkàn

Iṣẹ́ tó bọ́ lè sọ ara di aláìsàn. Ènìyàn kì í rí oorun sùn. Oúnjẹ kì í wù ú. Orí ń fọ́ ọ. Ó ń bínú sí ìyàwó àti àwọn ọmọ lórí ohun tí kò tó nǹkan. Àwọn mìíràn a máa wá ìtùnú nínú sódábì. Sódábì kì í lé àníyàn lọ. Ó máa ń mú owó lọ, á bá ẹ̀dọ̀ jẹ́, á sì fi àníyàn sílẹ̀ ní ipò rẹ̀.

Ẹ ṣe àwọn nǹkan wọ̀nyí:

Ẹ máa jí ní àkókò tí ẹ ti ń jí tẹ́lẹ̀. Ẹ wá iṣẹ́ kan ṣe láàárọ̀, ì báà jẹ́ àtúnṣe ọgbà.

Ẹ wá ẹnì kan tí ẹ fọkàn tán, kí ẹ sọ ohun tó wà lọ́kàn yín fún un.

Bí orí bá ń fọ́ yín lemọ́lemọ́, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n wọn ìfúnpá yín. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé.

Bí ẹnì kan bá sọ pé ayé ti sú òun, pé ó sàn kí òun kú, ẹ má pe é ní àwàdà. Ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn ní ọjọ́ náà gan-an.

Ẹ ka ohun tó wà lọ́wọ́ yín

Ẹ mú ìwé àti kálàmù. Ẹ fa ìlà, kí ìwé náà pín sí ọ̀nà mẹ́rin.

Ní ọ̀nà kìíní, ẹ kọ ohun tí ẹ mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ má kọ orúkọ iṣẹ́ nìkan. Awakọ̀ mọ ọkọ̀, ṣùgbọ́n ó tún mọ ọ̀nà, ó mọ ọjà tí nǹkan ti wọ́n àti èyí tó ti pọ̀. Ẹni tó ń ṣọ́ ilé ọlọ́jà mọ bí a ti í pa àkókò mọ́. Ọmọbìnrin tó ń ṣe iṣẹ́ ilé ní Kútọnu mọ oúnjẹ sè, ó sì mọ ìmọ́tótó. Ẹni tó ń tọ́jú ilé ìkẹ́rùsí mọ ìwọ̀n, ó mọ bí a ṣe ń kọ ohun tó wọlé àti ohun tó jáde. Ọ̀gá lè gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ yín. Kò lè gba ìmọ̀ yìí.

Ní ọ̀nà kejì, ẹ kọ ohun tí ẹ ní: ilẹ̀, igi kajú, ewúrẹ́, ọkọ́, kẹ̀kẹ́, agbada.

Ní ọ̀nà kẹta, ẹ kọ àwọn ènìyàn tí ẹ mọ̀: ẹni tó lè kọ́ yín níṣẹ́, ẹni tó lè ra ọjà yín, ẹni tí ẹ lè jọ ṣe é.

Ní ọ̀nà kẹrin, ẹ kọ owó tí ẹ ní, ẹ sì kọ gbèsè tí ẹ jẹ. Bó ti wù kí owó náà kéré tó, ẹ pín in kí ẹ tó ná an. Apá kan fún oúnjẹ títí ìkórè yóò fi dé. Apá kan fún àìsàn àti ilé ìwé àwọn ọmọ. Apá kan fún òwò. Apá kan kí ẹ pa á mọ́. Ẹ má kó gbogbo rẹ̀ sínú òwò.

Ìbéèrè mẹ́rin kí ẹ tó yan iṣẹ́

Kìíní: Ǹjẹ́ mo mọ iṣẹ́ yìí? Bí n kò bá mọ̀ ọ́n, ta ni yóò kọ́ mi? Ẹ má ṣe iṣẹ́ kan nítorí pé aládùúgbò yín rí owó nínú rẹ̀.

Èkejì: Ta ni yóò rà á? Ní oṣù kẹjọ ọdọọdún, ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń wá sí Dassa fún àdúrà ní Arigbo. Ẹni tó ń ta oúnjẹ àti omi ń rí owó ní ọjọ́ wọ̀nyẹn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ díẹ̀ ni. Ta ni yóò rà á ní oṣù kọkànlá?

Ẹ̀kẹta: Ìgbà wo ni owó mi yóò padà wá? Owó tí a fi yan gààrí lè padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Owó iṣu ń dúró de ìkórè. Igi kajú ń gbà tó nǹkan bí ọdún mẹ́ta kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í so. Igi kajú dára, ṣùgbọ́n ènìyàn kò lè jẹ ewé rẹ̀ títí yóò fi so. Ẹni tó bá gbìn ín, kó gbin ẹ̀pà tàbí ẹ̀wà sáàárín rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin: Bí nǹkan kan ṣoṣo bá yí padà, ǹjẹ́ gbogbo iṣẹ́ mi yóò wó? Ẹ jẹ́ ká fi iṣẹ́ zemijan ṣe àpẹẹrẹ. Ní àkókò ìnira tí a sọ lókè ni iṣẹ́ náà gbilẹ̀. Ẹni tó ka ìwé tí kò rí iṣẹ́, ẹni tí wọ́n dá dúró, ọmọ àgbẹ̀ tó kúrò lóko, gbogbo wọn gun alùpùpù. Iṣẹ́ náà ti bọ́ ilé púpọ̀, kò sì yẹ ká fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n epo kpayo tí ọ̀pọ̀ wọn ń rà, Nàìjíríà ló ti ń wá. Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà dẹ́kun owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, kpayo gbówó lórí fíofío. Bẹ́ẹ̀ náà ni nígbà tí Nàìjíríà ti ààlà ilẹ̀ rẹ̀ láti oṣù kẹjọ ọdún 2019 títí di oṣù kejìlá ọdún 2020. Àwọn tó ń kó ọjà lọ síbẹ̀ rí ìyà. Nítorí náà, bí ẹ bá ń ṣe zemijan, ẹ má fi oko yín sílẹ̀ pátápátá. Bí ẹ bá ń ta ọjà sí òkèèrè, ẹ ní oníbàárà nítòsí pẹ̀lú.

Àpẹẹrẹ kan: ọkọ àti ìyàwó tó ń yan gààrí

Ẹ jẹ́ ká ro ti ọkùnrin kan. A kò ní fún un lórúkọ, nítorí ó lè jẹ́ ẹnikẹ́ni nínú wa. Ó ti ń tọ́jú ilé ìkẹ́rùsí kan ní Kútọnu fún ọdún 12. Wọ́n ti ilé náà pa. Ó padà sí abúlé. Ìyàwó rẹ̀ ti ń yan gààrí díẹ̀díẹ̀ nílé.

Ọkùnrin náà ní: "Ìyá àwọn ọmọ mi, mo fẹ́ fi owó tí wọ́n fún mi ra alùpùpù. N ó máa ṣe zemijan ní Dassa."

Obìnrin náà ní: "Baálé mi, ẹ kò ṣe iṣẹ́ yẹn rí. Bí ẹ bá kó gbogbo owó lé e lórí, tó sì bàjẹ́, kí la ó jẹ? Èmi mọ gààrí yan. Ohun tí n kò mọ̀ ni ìṣirò rẹ̀. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń yan án, n kò mọ iye tí mo ń jẹ lérè. Ìṣirò ni ẹ̀yin ń ṣe ní Kútọnu. Ẹ jẹ́ ká fi tiyín pọ̀ mọ́ tèmi."

Ọkùnrin náà gbà. Wọn kò kó gbogbo owó jáde. Wọ́n ra ẹ̀gẹ́ tútù tó tó 500 kílò. Bí a bá yan ẹ̀gẹ́ dáadáa, kílò márùn-ún tútù ń di nǹkan bíi kílò kan gààrí. Wọ́n rí 100 kílò. Ohun tí ọkùnrin náà kọ sínú ìwé nìyí. Àpẹẹrẹ lásán ni iye owó wọ̀nyí. Ẹ fi iye ti ọjà yín rọ́pò wọn.

Owó tó jáde:
Ẹ̀gẹ́: 15,000 sẹ́fà
Ẹni tó fi kẹ̀kẹ́ ẹrù kó o wálé: 2,000
Owó ẹ̀rọ tó rin ín: 2,000
Igi ìdáná: 2,500
Àwọn tó bá wọn bó o, tí wọ́n sì bá wọn yan án: 4,000
Àpò àti owó ọkọ̀ dé ọjà: 1,500
Àpapọ̀: 27,000 sẹ́fà

Owó tó wọlé:
Gààrí 100 kílò, 350 sẹ́fà fún kílò kan: 35,000 sẹ́fà

Èrè: 35,000 yọ 27,000. Ó ku 8,000 sẹ́fà.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, obìnrin náà wo ìwé, ó dákẹ́. Tẹ́lẹ̀, owó ẹ̀gẹ́ nìkan ló máa ń rántí. Bí ó bá ra ẹ̀gẹ́ ní 15,000 tó sì ta gààrí ní 35,000, ó rò pé èrè òun jẹ́ 20,000. Nítorí náà ó lè mú 10,000 níbẹ̀ fi ra aṣọ ọmọ, kó sì rò pé òun ṣì ní èrè nílẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀: 35,000 yọ 10,000, ó ku 25,000. Ṣùgbọ́n 27,000 ló nílò láti tún bẹ̀rẹ̀. Ó ti jẹ 2,000 nínú ojú owó rẹ̀ láìmọ̀. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà mélòó kan, òwò náà yóò kú, àwọn ènìyàn yóò sì sọ pé ayé ló ṣe é.

Ọkùnrin náà tún bi í pé: "Ọjọ́ mélòó la fi ṣe é?" Ó jẹ́ ọjọ́ mẹ́rin iṣẹ́ fún àwọn méjèèjì. 8,000 pín sí ọ̀nà mẹ́rin jẹ́ 2,000 lójúmọ́. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ń gba 1,000. Kò pọ̀. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí wọ́n mọ ibi tí wọ́n wà. Wọ́n lè bi ara wọn pé: bí a bá gbin ẹ̀gẹ́ tiwa ńkọ́? Bí a bá ń fi ibi ìdáná tí kì í jẹ igi púpọ̀ yan án ńkọ́? Bí a bá dúró kí gààrí gbówó lórí díẹ̀ ká tó tà á ńkọ́? Ìwé ló jẹ́ kí ìbéèrè wọ̀nyí ṣe é bi.

Ẹ tún ṣàkíyèsí nǹkan kan. Ọkùnrin náà kò gba iṣẹ́ ìyàwó rẹ̀. Ó fi ìmọ̀ rẹ̀ kún un. Bí ọkọ bá padà wálé tó sì sọ pé òun ni olórí òwò tí ìyàwó rẹ̀ ti ń ṣe, ìyàwó yóò rẹ̀wẹ̀sì, ilé yóò sì gbóná. Ẹ jọ jókòó, ẹ jọ pinnu iye tí yóò wà fún òwò, iye tí yóò wà fún ilé, àti iye tí yóò jẹ́ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ìlera nídìí gààrí

Iṣẹ́ tó ń bọ́ wa kò gbọ́dọ̀ pa wá. Ẹ̀gẹ́ kíkorò ní májèlé nínú. Rírin tí a ń rin ín, àpò tí a ń dì í sí fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kó lè kan, fífún tí a ń fún omi rẹ̀ dànù, àti yíyan, ìwọ̀nyí ló ń mú májèlé náà lọ. Ẹni tó bá kánjú, tó yan án láìjẹ́ kó kan, ó ń ta ewu fún oníbàárà rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí omi tí a fún jáde ṣàn lọ sí kànga tàbí sí odò. Ẹ má jẹ́ kí ẹran mu ún.

Èéfín tún ń ba ojú àti ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ yan gààrí níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ dáadáa. Ẹ jókòó sí apá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá. Ẹ lo igi tó gbẹ dáadáa. Ẹ má gbé ọmọ ọwọ́ pọ̀n nídìí iná. Kí aboyún má dá nìkan jókòó nídìí agbada láti àárọ̀ di alẹ́. Ẹ máa gbà á. Gààrí tí kò gbẹ dáadáa yóò bu. Ẹ jẹ́ kó tutù kí ẹ tó dì í sápò.

Owó àti ìrànlọ́wọ́

Bí ẹ bá ní èrè díẹ̀, ẹ fi í pamọ́ síbi tó dára. Àjọ pẹ̀lú àwọn tí ẹ mọ̀ dára. Káìsì abúlé náà dára, irú èyí tí a ń pè ní CLCAM. Nígbà tí báńkì ìjọba tó wà fún àwọn àgbẹ̀ ṣubú, àwọn káìsì abúlé wọ̀nyí tún dìde. Wọ́n dára pọ̀ dá FECECAM sílẹ̀ ní ọdún 1993, ó sì wà títí di òní. Kí ẹ tó yá owó, ẹ béèrè iye èlé àti ọjọ́ tí a ó san án padà. Ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀. Ẹ má yá owó láti fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí ẹ kò tíì dán wò ní kékeré.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó ṣèlérí èrè ńlá láìsí iṣẹ́. Ní ọdún 2010, ilé ìkówójọ kan tó ń jẹ́ ICC Services wó lulẹ̀ ní Benin. Wọ́n ti ṣèlérí èlé tó pọ̀ jù fún àwọn ènìyàn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kó owó wọn síbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn kò sì rí i gbà padà. Bí èrè bá pọ̀ jù tí ẹnikẹ́ni kò sì lè fi iṣẹ́ tó mú un wá hàn yín, ẹ sá.

Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ọ̀nà mìíràn, ẹ ti lè gbọ́ nípa Songhaï. Bàbá Godfrey Nzamujo, àlùfáà ọmọ Nàìjíríà, ló dá a sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, ní ọdún 1985. Ilẹ̀ kékeré àti àwọn ọ̀dọ́ díẹ̀ tí kò rí iṣẹ́ ló fi bẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ ni pé kí nǹkan kan má ṣòfò lóko. Ìgbẹ́ ẹran ń di ajílẹ̀ fún ewébẹ̀, ó sì ń mú gáàsì ìdáná wá. Ohun tó kù lára ewébẹ̀ ń di oúnjẹ ẹran. Wọ́n ní ibùdó ní Savalou, tí kò jìnnà sí wa. Ẹni tí kò lè lọ síbẹ̀ lè mú ẹ̀kọ́ kan níbẹ̀: èèpo ẹ̀gẹ́ tí ẹ ń dà nù, ẹ sá a gbẹ dáadáa, ewúrẹ́ yóò jẹ ẹ́.

Iṣẹ́ tó tẹ́ ọkàn lọ́rùn

Àwọn kan yóò sọ pé: "Gbogbo èyí dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí iṣẹ́ oṣù." Òtítọ́ ni. Iṣẹ́ oṣù ní ọjọ́ tí owó ń wọlé. Iṣẹ́ ara ẹni kò ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Òjò lè kọ̀. Ọjà lè tutù. Bí ẹ bá tún rí iṣẹ́ oṣù tó dára, kò sí ohun tó ní kí ẹ má gbà á.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí iṣẹ́ ara ẹni ní. Ẹni tó bá kọ owó rẹ̀ sílẹ̀ mọ ìdí tí oṣù yìí fi dára àti ìdí tí oṣù tó kọjá kò fi dára. Ó lè yí nǹkan padà láìdúró de ọ̀gá. Ọmọ rẹ̀ ń wò ó, ó sì ń kọ́ iṣẹ́. Àwọn ará abúlé kò tún pè é ní ẹni tí wọ́n lé. Wọ́n ń pè é ní ẹni tí gààrí rẹ̀ kì í bu, tí ìwọ̀n rẹ̀ kì í kéré. Ọwọ́ ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe.

Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́ ìwé kíkà ní abúlé yìí, ẹ má fi kálàmù náà sílẹ̀ fún lẹ́tà nìkan. Lálẹ́ òní, ẹ mú un, kí ẹ kọ ìlà mẹ́ta: ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe, ẹni tó lè rà á, iye tí yóò ná mi. Bí ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá kún, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ jọ jíròrò

1. Ní abúlé yín, kí ni a máa ń sọ sí ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Ọ̀rọ̀ wo ló ń gbé e ró? Ọ̀rọ̀ wo ló ń wó o lulẹ̀?

2. Ẹ dárúkọ iṣẹ́ mẹ́ta tí àwọn ènìyàn ń ṣe ní Gbaffo. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìgbà wo ni owó ń padà wá?

3. Ẹ fi iye owó ọjà yín ṣe ìṣirò gààrí tí a ṣe lókè. Èrè mélòó ló kù? Owó wo ni ẹ kì í rántí kọ sílẹ̀?

4. Ọkọ kan padà wálé, ìyàwó rẹ̀ sì ní òwò. Báwo ni wọ́n ṣe lè jọ ṣiṣẹ́ láìsí ìjà?